Àbúrò Tó Ń Dín Eré Kù

Onídìrí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ sá eré ọ̀nà jíjìn, kó ṣáà máa sáré. Gbígbé irin wúwo, iṣẹ́ aláàárù ni. Nígbà tí olùkọ́ eré ní kí gbogbo ẹgbẹ́ asáré wọn máa wá gbé irin, ńṣe ló yínmú. Àbúrò rẹ̀ aránṣọ nìkan ló ń lọ, ẹ̀gbọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́ apá rẹ̀ ò ní wọ inú aṣọ mọ́.

Ara òun alára kò kúkú le. Ìdúró ojoojúmọ́ láti dirí lẹ́yìn àga oníbàárà ti mú un ní ìbàdí, bó bá sì dé òkè tó gbẹ̀yìn eré, orúnkún rẹ̀ a máa yẹ̀ sínú. Síbẹ̀ òun náà ló ń ṣe ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin, àbúrò á tẹ̀ lé e. Ó gbà pé akin lòun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń dánra wò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó ní kí àbúrò máa lọ. Nígbà tó gbójú sókè, àbúrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Ó wẹ̀yìn, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n ń wo òun. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Láti ìgbà wo lo ti ń ṣe báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n bi í nígbà tó bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi léré. Mi ò lè máa fi yín sẹ́yìn lójú gbogbo ayé."

Ojú ti Onídìrí, inú bí i, ó sì dùn ún wọra. Gbogbo ipò kìíní tó fi ń yangàn, àbúrò ló ń ta á lọ́rẹ.

Nígbà tí ọjọ́ irin pé, ó yọjú sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé e. Olùkọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àbúrò rẹ̀ kọ́ ọ.

"Ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó. Ẹ má jẹ́ kí orúnkún wọlé. Ẹ rọra."

Ẹsẹ̀ Onídìrí ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. "Ṣé ìyà tó o ń jẹ rèé?"

"Ó jù báyìí lọ. Ẹ̀yin lẹ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí irin fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ ní torí kí wọ́n lè sanra kọ́ ni wọ́n ṣe ń gbé irin. Bó bá rẹ asáré, ìbàdí tó lágbára ni yóò di orúnkún mú.

Oṣù gorí oṣù. Lọ́jọ́ ìdíje, bí wọ́n ṣe dé ẹsẹ̀ òkè, àbúrò tún dín eré kù.

"Ìwọ! Bó o bá dúró dè mí lónìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́!"

Àbúrò fò lọ. Onídìrí gun òkè náà, ó ń retí kí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò yẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ yà á sílẹ̀ lórí òkè, Onídìrí fún ẹsẹ̀ lágbára, ó sì fi obìnrin náà sẹ́yìn.

Ipò kejì ló ṣe. Àwọn èèyàn ń kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń pa á lẹ́kún. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé inú òun dùn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun gba ipò tí ẹnikẹ́ni ò fi ta òun lọ́rẹ.