Adájọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Mú Wá

Mi ò ní parọ́, èmi gan-an ni mo fa Àjàgbé wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ mi ni Jésùtófínmi, àmọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Aládé, Rìkọ́dà ni wọ́n ń pè mí. Kò bí mi nínú. Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà tí àwọn àgbààgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fi awò ojú kà, orí ni mo ti ń kà á láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí físíìsì dé, bí mo ṣe há Sáàmù sórí náà ni mo há a. Kò sí fọ́múlà kan nínú ìwé wa tí ẹ máa jí mi lójú oorun tí mi ò ní kà fún yín.

Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn, tíṣà físíìsì wa, kò ka ìyẹn sí. Tó bá ti yí ìbéèrè padà díẹ̀, tó ní kẹ̀kẹ́ dípò mọ́tò, ọwọ́ mi á dúró gbagidi lórí ìwé. Nínú ìdánwò tó kọjá, mo kọ fọ́múlà mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìṣi ọ̀kankan kọ, mo gba máàkì méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo sunkún, mo sì bínú. Ó ní àwa mẹ́fà tí a fìdí rẹmi kò ní sí lára àwọn tó máa ṣe físíìsì nínú WAEC, àfi tí a bá yege nínú ìdánwò kan tí òun máa fún wa lọ́jọ́ Sátidé. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Láìsí físíìsì, kí n yáa gbàgbé ẹ̀.

Ìdánwò náà ṣàjèjì. Ó ní kí kálukú wa mú ẹnì kan tí kò kọ́ físíìsì rí wá, ká ṣàlàyé ohun kan fún un títí á fi yé e.

Blessing, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, ní ìyá àgbà òun lòun máa mú wá, obìnrin tó máa ń bá gbogbo ayé jiyàn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àjàgbé ni èmi mú ní tèmi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wa lọ́nà Atosin, èmi ni mo sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ohunkóhun tí o bá sọ fún un, "ó dáa" ló máa fi dá ọ lóhùn. Mo ní kí n ṣáà ka fọ́múlà tán, kó ní ó dáa, kí n máa lọ ilé. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí Sátidé pé, tòun ti ọ̀pá ìjákòkó ni Àjàgbé dé, ọparun gígùn gbọọrọ tí wọ́n de ọ̀bẹ mọ́ lórí, torí oko ló ń lọ láti ibẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó kí tíṣà dáadáa, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì bí ọmọ ilé-ìwé. Mómẹ́ǹtì, bí ẹrù ṣe ń fa nǹkan yí, ni wọ́n fún mi. Mo kà á ní gẹ̀ẹ́sì fàà láìmí, mo kọ fọ́múlà sójú pátákó, mo tún fi Yorùbá díẹ̀ bù lé e: ká fi ọ̀nà tó jẹ́ pẹpẹndíkúlà sọ ìwúwo ẹrù di púpọ̀. Mo bi í bóyá ó yé e.

"Ó dáa," ló wí.

Mo ti ń padà síjókòó mi nígbà tí tíṣà ní kí n dúró. Ó ní òun máa bi Ọ̀gbẹ́ni Àjàgbé ní ìbéèrè kan, ohun tó bá sì fi dáhùn ni máàkì mi. Kò sọ ìyẹn fún wa tẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí òun tó béèrè, ṣé Àjàgbé ní ohun tó fẹ́ bi mí.

Àjàgbé fa ọ̀pá rẹ̀ wá síwájú.

"Ọ̀pá yìí," ló wí, "tí mo bá gbé e dúró ṣánṣán, kì í ni mí lára. Tí mo bá ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ló máa ń fà mí bí ẹni pé wọ́n tún so nǹkan mọ́ ọn. Ọ̀pá kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Ṣé ohun tí o kọ síbẹ̀ yẹn ló fà á?"

Mi ò mọ̀. Mo kọ́kọ́ bínú sí i: ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, òní ló wá rí ẹnu. Mo tún fọ́múlà kà, ó rọra mi orí pé rárá. Mo gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ṣáà rí nǹkan ṣe. Mo gbé e dúró, ó fúyẹ́. Mo jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó fà mí. Mo nà án síwájú tán, ọrùn ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, Blessing fò sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Nígbà tí ọ̀pá dúró, òkè ọwọ́ mi gan-an ni ọ̀bẹ wà, kò jìnnà sí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Bó ṣe ń dùbúlẹ̀ ló ń jìnnà. Pẹpẹndíkúlà tí mo ti ń kà láti ọdún méjì, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yìí ni! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìdánwò ni mò ń ṣe.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àjàgbé, ó sì tún bi mí, mo tún ṣàlàyé. Mo gbé báàgì ìwé mi kọ́ sí ìpẹ̀kun igi ìgbálẹ̀, mo ní kó di ìpẹ̀kun kejì mú. Mo sún báàgì náà wá sí àárín, mo ní kó tún dì í mú. Mo ní tí ọ̀nà bá dín sí ìdajì, ìfà náà á dín sí ìdajì. Tí ẹrù bá di méjì, ìfà náà á di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ nínú fọ́múlà. Kò sọ pé ó dáa lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ń wo igi ìgbálẹ̀.

Tíṣà wá béèrè tirẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá gé ọ̀pá yín yẹn sí ìdajì, tí mo so ọ̀bẹ méjì mọ́ ọn dípò ẹyọ kan, tí ẹ wá nà án síwájú, ṣé á fà yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí kò ní tó o?"

Nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ ṣe ti wà lẹ́nu ẹni ẹlẹ́ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ sí i létí, àmọ́ tíṣà ti fi ojú dè mí mọ́lẹ̀. Àjàgbé na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ọ̀pá mú, ó pa ojú dé.

"Ọ̀nà ti dín sí ìdajì, ọ̀bẹ sì ti di méjì," ló wí. "Bákan náà ni."

Tíṣà gbé bírò. Mo ti fẹ́ fò sókè.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà," Àjàgbé ní. "Ọparun náà ní ìwúwo tirẹ̀, ẹ ò kà á mọ́ ọn. Ẹ sì ti gé ìdajì rẹ̀ sọ nù. Èyí tó kúrú yẹn ló máa fúyẹ́ jù díẹ̀."

Tíṣà ṣírò nǹkan sí etí ìwé, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣírò, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbàgbé ọparun. Ó kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó máa ṣe físíìsì nínú WAEC.

Blessing ń gbá mi lẹ́yìn, ayọ̀ sì fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú ń tì mí pẹ̀lú. Torí mo rò pé kò ní ronú ni mo ṣe mú un wá. Mo lọ jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì.

"Bọ̀ọ̀dá Àjàgbé," mo ní, "ti ọparun yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Kò yé mi."