Mẹ́mọ́rì Tí Wọ́n Fi Fáìlì Fá

Mi-ò-gbàgbé ni gbogbo òpópónà náà ń pe káfíńtà, orúkọ náà sì bá a mu. Láìwo ìwé kankan, ó lè sọ fún ọ ọdún tí aládùúgbò rẹ̀ yá òòlù tí kò dá a padà, ó lè sọ ọjọ́ tí ẹni tó ń gé gíláàsì fi í rẹ́rìn-ín, á sì fi àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ẹni náà kún un.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń bá yodì, kò sí èyí tó tó ti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àbúrò fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, Mi-ò-gbàgbé ló kan káńtà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ku dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo tí kò tíì fi sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń gbé dúrọ́ọ̀ náà lọ, ẹnu ọ̀nà ló wà tó fi gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọn ò ka ìwé mẹ́fà tán."

Mi-ò-gbàgbé ò wọlé. Ó yí padà pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ apá. Láti ọjọ́ náà ni ihò ti wà nínú káńtà àbúrò rẹ̀ bí ẹnu tí eyín iwájú ti ká, síkúrúù ni Mi-ò-gbàgbé sì ń kó sínú dúrọ́ọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Pé kò ka ìwé mẹ́fà tán, òótọ́ ni. Ìwé kẹrin ló ti kúrò. Ohun tó dùn ún ni pé pákó tó ń rẹ́ láti ìgbà náà ni wọ́n fi san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ títí ọmọ náà fi kàwé débi tó wù ú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ ra kọ̀ǹpútà. Àlòkù ni, ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa ló tà á. Ìkanra ló fi rà á, ìkanra náà ló sì fi kọ́ ọ. Odidi ọdún méjì ló fi ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, tó ń bú u, tó sì tún ń padà jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó lè ya wọ́dúróòbù sójú rẹ̀, kó yí i síwá sẹ́yìn, kó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí oníbàárà sì rí ibi tí aṣọ òun máa wà kí wọ́n tó rẹ́ pákó kan. Kò sí káfíńtà mìíràn ládùúgbò tó lè ṣe é.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ń darúgbó, àwòrán sì ń wúwo sí i. Tí Mi-ò-gbàgbé bá tàn án láàárọ̀, á gbálẹ̀, á pọ́n ayùn, á lẹ ẹsẹ̀ mọ́ àga kan, kọ̀ǹpútà ò ní tíì jí.

"Ẹ jẹ́ ká máa gbé oúnjẹ tì í lálẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, ẹni tó ń rán ìbòrí àga ní igun kejì ṣọ́ọ̀bù náà. "Bóyá ebi ló ń pa á."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀ kan. Obìnrin kan tó ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yàrá mẹ́rìnlélógún, wá wo àwòrán wọ́dúróòbù tó fẹ́ kí wọ́n kàn síbẹ̀. Ó jókòó, ó dúró títí. Ìdajì yàrá jáde lójú kọ̀ǹpútà, ìdajì kejì ò jáde. Obìnrin náà mu omi inú ike ọwọ́ rẹ̀ tán, ó sì dìde.

"Ọ̀gá káfíńtà, Jimọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà wá, aago mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ kan ti ní àwọn fẹ́ fi tàwọn hàn mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tí mo bá tún bá a tó ń yí bìrí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú sí mi o."

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ní òun fẹ́ owó ọdún kan kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí káfíńtà kó igi rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ obìnrin yìí nìkan ló lè mú owó náà wá. Bó bá bọ́, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mi-ò-gbàgbé mú owó tó ṣẹ́ kù, ó lọ sí òpópónà tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà. Owó náà lè ra nǹkan kan, kò lè ra méjì. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi ní kó ra káàdì àwòrán, owó rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ tó ti kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹnì kejì ní kó gbé ti ilé dànù. Ẹnì kẹta, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ọsàn, ní mẹ́mọ́rì ló yẹ kó fi kún un. Pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́ sì ká a. Inú Mi-ò-gbàgbé dùn.

"Irú èwo ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, bàbá?" ni ọlọ́jà bi í.

Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi téèpù wọn èyí tó wà nínú rẹ̀. Ó fa téèpù yọ lápò, ó nà án sórí ti ọlọ́jà. Gígùn wọn ò fi ẹyọ irun kan ju ara wọn lọ.

"Èyí gan-an ni."

"Kì í ṣe gígùn nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n o, bàbá. Ó ní—"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan ni?"

Ọlọ́jà wo téèpù, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gba owó.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó yọ ti àtijọ́, ó sì fẹ́ ki tuntun bọ ibẹ̀. Kò wọlé. Gígé kékeré kan wà létí mẹ́mọ́rì, gegele kékeré kan sì wà nínú ibi tó yẹ kó wọ̀. Gegele ló yẹ kó bọ́ sínú gígé, àmọ́ wọ́n fi nǹkan tí kò tó hóró ìrẹsì ṣì ara wọn. Lójú ẹni tó ti ń fá ilẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ọdún, kí nìyẹn?

Ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń wá fáìlì. "Ẹ ò ní kọ́kọ́ bi ẹni iwájú yẹn?"

"Ta ni ẹni iwájú?"

"Àbúrò yín."

"Mi ò ní àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà."

"Èyí tí ẹ ní ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló ń ṣe."

Ó fi fáìlì tó fi ń pọ́n ayùn fá gígé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fẹ́ ẹ, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó dún kẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tàn án. Fáànù inú rẹ̀ yí, ojú rẹ̀ dúdú kirimu, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké: pí, pí, pí. Ó yọ tuntun, ó dá ti àtijọ́ padà síbi tó ti yọ ọ́. Pí, pí, pí.

Nígbà tó gbé mẹ́mọ́rì padà fún ọlọ́jà, ọkùnrin náà wo etí rẹ̀, ó yí i wò, ó sì ké sí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà. "Ẹ wá wo nǹkan! Bàbá fi ayùn rẹ́ mẹ́mọ́rì!"

"Fáìlì ni," ni Mi-ò-gbàgbé wí. "Kì í ṣe ayùn."

Ìgbà náà ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọlọ́jà ò gba mẹ́mọ́rì náà, kò sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ọsàn náà ló tún wọ̀, Mi-ò-gbàgbé sì fi sọ́kàn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀la ni obìnrin onílé ń bọ̀. Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òdìkejì títì.

"Tó bá jẹ́ títí di ọ̀la lẹ fẹ́ fi wò ó," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kí n gbé àga wá."

"Mi ò lè lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́? Ẹ lọ bí oníbàárà. Ẹ ná ọjà, kẹ́ ẹ sì máa bá ìbínú yín lọ."

Èyí bá a lára mu. Ó gbé kọ̀ǹpútà, ó sọdá.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ló wí fún àbúrò rẹ̀. "Mo gbé iṣẹ́ wá."

Àbúrò fò dìde. "Bọ̀ọ̀dá! Èmi lẹ ń kí báyẹn?"

"Oníbàárà ni mí lónìí."

Àbúrò ò jà. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí káńtà, lókè ibi tó fi páálí dí ihò dúrọ́ọ̀. Ó rí mẹ́mọ́rì tí wọ́n fá tí Mi-ò-gbàgbé gbé lé orí rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ iná, ó sì yáa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa ẹ́, rín in."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, sà."

"Èjìká ẹ ń gbọ̀n."

Àbúrò nu ojú. "Ti àtijọ́ ńkọ́?"

Mi-ò-gbàgbé yọ ọ́ nínú àpò àyà rẹ̀, níbi tó fi í sí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù nígbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àbúrò fi í sí àyè kejì, nítorí ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ó tàn án. Iná wá sójú rẹ̀. Káfíńtà mí kanlẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni pé kò mí.

"Ẹ tẹ́tí síbí." Àbúrò fi ìka kan ikùn kọ̀ǹpútà, nǹkan kan ń ké kẹ́kẹ́kẹ́ níbẹ̀. "Mẹ́mọ́rì dà bíi tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tiyín sì fẹ̀ tó. Háàdì tó ń ké yìí ni ilé tí ẹ ń kó pákó sí. Ẹni tó ń lọ gbé pákó wá ló ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra tábìlì mẹ́ta lé e, á ṣì pẹ́ níbi tó lọ."

Mi-ò-gbàgbé bẹ̀rẹ̀ wo inú kọ̀ǹpútà náà. Láti ọdún mẹ́rin tó ti rà á, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún un tó yé e bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí i pé ó yé e.

Àbúrò tún ṣí fáànù. Lẹ́búlẹ́bú pákó ló dì í bámúbámú. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. "Èyí ò gba owó. Ooru ló ń mú un. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ bò ó tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ igi. Mo ní háàdì kan níbí, irú èyí tí kì í yí, tí kì í ké. Inú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fọ́ ni mo ti yọ ọ́. Àlòkù ni o, àmọ́ mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ le."

Káfíńtà kó owó tó kù sórí káńtà. Àbúrò wò ó.

"Kò tó, sà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fi dúrọ́ọ̀ mi dí i."

Ọkọ̀ kan kọjá níta, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

"O ní mi ò kàwé," ni Mi-ò-gbàgbé wí.

"Mo sọ ọ́. Oníbàárà àkọ́kọ́ mi ni, ẹ̀yin tí ẹ ń kan káńtà ló sì ti ń bi ní ìbéèrè dípò èmi. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ò bá ti gbá mi létí lọ́jọ́ náà, kó parí."

"Dúrọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Àbúrò kó gbogbo àwòrán lọ sínú háàdì kejì. Nígbà tó tún tàn án, ó jí kí káfíńtà tó rí ibi jókòó.

Lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀, obìnrin onílé ò tíì ṣí ike omi rẹ̀ tí yàrá fi jáde lódindi. Ó ní kí wọ́n sọ pẹpẹ òkè kalẹ̀ díẹ̀. Mi-ò-gbàgbé sọ ọ́ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí. Obìnrin náà yí i wò léraléra bí ẹni tó rí ohun ìṣeré.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá méjìlá," ló wí. "Tí wọ́n bá rí bí àwòrán yìí, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe ìyókù."

Ó san àsansílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yàrá, àmọ́ ó tó owó ṣọ́ọ̀bù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mi-ò-gbàgbé da síkúrúù sínú agolo, ó nu dúrọ́ọ̀, ó sì gbé e sọdá. Kò wọlé. Ọdún mẹ́rin ti jẹ́ kí pákó dúrọ́ọ̀ náà wú. Àbúrò wò ó. Káfíńtà yọ ìfági, ó fá ẹ̀gbẹ́ kan, ó fá ìkejì, ó tì í. Dúrọ́ọ̀ rọra wọlé, ó sì dúró.

"Èyí náà lẹ tún fá, Bọ̀ọ̀dá."

"Pákó ni," ni Mi-ò-gbàgbé fèsì. "Ó mọ ìwà mi."

Àbúrò fa dúrọ́ọ̀ náà síta, ó kọ́kọ́ ju mẹ́mọ́rì tí wọ́n fi fáìlì fá sínú rẹ̀, ó sì tì í pa.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi han oníbàárà ni, sà."

Mi-ò-gbàgbé kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó wo àbúrò rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé," ló wí, ó sì sọdá lọ sílé.