Orúkọ Mẹ́ta Nínú Fọ́ọ̀mù

Aliyyah na fóònù rẹ̀ sókè lórí ọ̀kadà bí ẹni tó fẹ́ fi ká máńgòrò, síbẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọlé. Tàófíìk ọlọ́kadà kígbe pé kó di òun mú kí kòtò má baà gbé e ṣubú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní oko bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́yìn Igangan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbìyànjú láti fi ránṣẹ́ sí Ọláníyì: “Mo ti rí ìpele karùn-ún. Ẹ dúró dè mí.” Ọ̀rọ̀ náà kò lọ.

Aago mẹ́ta ti ń lọ lù. Aago márùn-ún ni ìdíje náà yóò parí.

Ìdíje géèmù ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Aliyyah, Ọláníyì àti Keturah, ti kó ara wọn sí pálọ̀ ìyá Keturah ní Igbó-Ọrà, nítorí ilé tíṣà ni, ó sì ní sólà lórí. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe àwòṣe géèmù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ronú kó tó lè tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni wọn yóò mú, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kó lọ sí Ìbàdàn lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó rọra jókòó sílé bàbá rẹ̀.

Bàbá Aliyyah kò sì fẹ́ kó jókòó sílé òun mọ́. Ọdún kejì rèé tí ọmọ ti jáde ìwé, bàbá sì ti sọ tirẹ̀ láì fi bọpo bọyọ̀: “Tí eléyìí náà ò bá yọrí, Lánlátẹ̀ lò ń lọ, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, kó o lọ máa bá a yan gaàrí.” Kò sóhun tó burú nínú gaàrí. Aliyyah kàn mọ̀ pé ẹni tó bá dé ìdí ààrò àǹtí òun kì í tètè dìde níbẹ̀.

Òun ló sì mú géèmù náà wá. Ààlè ló dá lé lórí, àwọn nǹkan tí àgbẹ̀ máa ń so mọ́ igi tàbí gbé lé ẹrù nínú oko kí olè má fọwọ́ kàn án. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa ni ẹni tó ń ṣeré náà. Yóò gba oko kan bọ́ sí òmíràn, yóò máa ka ààlè kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ohun tó lè mú àti èyí tí yóò kó bá a. Àjákù bàtà, ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo: Aliyyah ló mọ ìtumọ̀ wọn, òun ló yà wọ́n, òun ló ronú bí ọ̀kan yóò ṣe máa yí ìtumọ̀ èkejì padà. Ọláníyì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, Keturah ṣe ohùn ẹyẹ àti ti ewé gbígbẹ.

Ìpele karùn-ún nìkan ló kù. Aliyyah ń wá ààlè kan tí yóò sọ fún arìnrìn-àjò pé kó jẹ ṣùgbọ́n kó má gbé e lọ sílé. Kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi gbéra láàárọ̀ lọ bá Bàbá Àkànó, bàbá rẹ̀ àgbà, lóko.

“Kò sí èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni bàbá náà wí, kò tilẹ̀ dá ọkọ́ dúró. “Tébi bá ń pa ọ́ lóko olóko, wú iṣu kan, sun ún níbẹ̀, jẹ ẹ́. Tó o bá ti gbé e jáde, olè ni ọ́. Ta ló ń fi ààlè sọ ìyẹn? Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé mọ̀ ọ́n.”

Aliyyah fò sókè láàárín ebè. Ojútùú rẹ̀ nìyẹn! Kò ní sí ààlè kankan ní ìpele tó kẹ́yìn, oko gbalasa ni yóò jẹ́, kó kù sọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti kí bàbá náà pé ó dìgbóṣe.

Nígbà tó fi dé Igbó-Ọrà, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Òórùn ìrẹsì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọláníyì nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti pa kọ̀ǹpútà dé.

“Mo ti rí i,” ni Aliyyah wí, kò tíì bọ́ bàtà. “Kò ní sí ààlè rárá! Dìde, Ọláníyì. Wákàtí kan ti tó wa. Wàá kàn yọ gbogbo ẹ̀ kúrò ni.”

Ọláníyì jókòó dáadáa. Ó wo Keturah tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Keturah sì wo ilẹ̀.

“A ti fi ránṣẹ́,” ni Ọláníyì wí. “Láti aago méjì.”

“Aago márùn-ún ni wọ́n fún wa.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, mo ní kó má lọ já wa kulẹ̀. A pè ẹ́ títí, nọ́ńbà ẹ ò lọ.”

Ó dun Aliyyah, àmọ́ ó gbé e mì. Ìpele mẹ́rin kì í ṣe ohun ìtìjú. “Jẹ́ n rí i,” ló wí. Ọláníyì ṣí kọ̀ǹpútà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwòrán oko tí Aliyyah fọwọ́ ara rẹ̀ yà ló kọ́kọ́ jáde, orúkọ mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Aliyyah kà á, ó tún un kà. Ọláníyì. Keturah. Ṣèyífúnmi.

Ṣèyífúnmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọláníyì tó ń gbé Ìbàdàn. Kò wá sí pálọ̀ yìí rí.

“Tèmi dà?”

“Kọ̀ǹpútà Ṣèyí la lò, Aliyyah. Ó ní tí orúkọ òun ò bá sí níbẹ̀, ká dá a padà.” Ọláníyì họ orí. “Ìwọ náà lo sì sọ pé ká fi tìẹ sílẹ̀.”

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọláníyì kọ orúkọ tirẹ̀, ó kọ ti Keturah, ó wá bi í pé, “Ká kọ tìẹ náà?” Aliyyah rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ fi tèmi sílẹ̀ jàre. Kí ni mo ṣe? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo mú wá.” Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Wọn kì í fi nǹkan lọ ọmọ gidi kó fò mọ́ ọn. Yóò kọ̀, wọ́n á rọ̀ ọ́, yóò tún kọ̀, wọ́n á tún rọ̀ ọ́, kó tó wá gbà á tìtìjú-tìtìjú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì ni iná sólà relẹ̀, gbogbo wọn dìde lọ pa fáànù, Aliyyah sì gbà pé wọ́n ti kọ ọ́.

“Yí i padà,” ló wí.

“Kò ṣeé yí mọ́. Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.”

“Keturah, o wà níbẹ̀ o.”

“Mo rò pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn,” ni Keturah wí. Ohùn rẹ̀ kò dé òkè.

Inú bí Aliyyah gidigidi. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ó fẹ́ pariwo, ó fẹ́ fọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n pálọ̀ onípálọ̀ ni, ìyá Keturah sì ń sùn ní yàrá. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó rántí pé ọjọ́ ọjà Lánlátẹ̀, tí wọn yóò fi òun ránṣẹ́ sí àǹtí òun, kò jìnnà mọ́. Ó jókòó sórí àga.

Keturah gbé abọ́ ìrẹsì wá.

“Jẹun, Aliyyah.”

“Mo ti yó.”

“Irọ́ ni. Àárọ̀ lo ti jáde. Jọ̀ọ́, jẹun.”

“Mi ò jẹ, ẹ ṣeun.”

Ọláníyì dìde. Ó fa tábìlì kékeré sún mọ́ ọn, ó bu omi tútù wá, ó yọ ẹran tó wà lórí ìrẹsì tirẹ̀, ó fi kún ti Aliyyah. “Nítorí Ọlọ́run,” ló wí, “ṣíbí méjì péré. Inú wa ò ní dùn tó ò bá jẹ.” Keturah mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i, ó sì dúró tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹ̀tàn lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kó jẹun ní tòótọ́.

Aliyyah wo àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ènìyàn. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ní kí wọ́n fi orúkọ òun sílẹ̀ náà.

Ebi ń pa á. Ó bu ìrẹsì náà sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́.