Omi Tí Àpínkẹ́ Mu Láàárọ̀

2.

...nítorí omi. Omi lásán-làsàn! Ó rẹ èmi tí mò ń sọ ọ́, ká má tíì sọ ti Àpínkẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí.

1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú.)

Télọ̀ ni Àpínkẹ́ l'Ágbowó, sùtánà àwọn aládùúrà ló ń rán. Ó ń fi téèpù wọn àyà ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ìka rẹ̀ bá kan kókó nínú ọmú òsì. Kò dùn ún. Ó bá ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Nígbà tí Olúdọ̀tun ọkọ rẹ̀ fi tipátipá mú un dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ọmú náà gbọ́dọ̀ kúrò kíákíá, kó tó ràn dé abíyá.

Kíákíá. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

3.

ÌKÉDE FÚN ẸNI TÍ A Ó ṢE IṢẸ́ ABẸ FÚN
Ẹ yọ yẹtí àti òrùka.
Ẹ mú ẹni tí yóò fún yín lẹ́jẹ̀ dání.
Ẹ MÁ JẸ. Ẹ MÁ MU.

4.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè àdúrà.

MÀÁMI: Gbà, mu ún. Nítorí ike omi yìí ni mo ṣe sùn sórí àpáta.
ÀPÍNKẸ́: Màámi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ mu nǹkan kan.
MÀÁMI: Èyí kì í ṣe nǹkan. Àdúrà ni! Ṣé lásán lo fẹ́ wọ tíátà ni?
(Àpínkẹ́ gba ike náà.)
MÀÁMI: Oyin wà nínú ẹ̀. Má ṣẹ́ ẹ kù síbẹ̀ o.

Ó mu ún. Ta ló fẹ́ kọ̀ fún ìyá tó gbààwẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi bó?

5.

Lẹ́nu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ.

NỌ́Ọ̀SÌ SAFIYYAH: Mà, ẹ ò jẹ nǹkan kan?
ÀPÍNKẸ́: Rárá o.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ò mu nǹkan kan?
ÀPÍNKẸ́: Rárá. Omi àdúrà nìkan ni.
NỌ́Ọ̀SÌ: Báwo ló ṣe pọ̀ tó?
ÀPÍNKẸ́: Ike kan. Pẹ̀lú oyin.
NỌ́Ọ̀SÌ: Yéè! Ẹ dìde, mà. Ẹ wọ aṣọ yín. Tí wọ́n bá fún yín lábẹ́rẹ́ oorun, omi yẹn lè padà sókè, kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóóró yín!

6.

Ẹni tó bá yẹ̀ kúrò lórí ìlà, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Wọ́n sún un síwájú. Iná lọ, wọ́n tún sún un. Oṣù wọlé, oṣù jáde.

7.

Kókó náà ò sùn ní tirẹ̀.

8.

Àtẹ̀jíṣẹ́, láti ṣọ́ọ̀bù Olúdọ̀tun ní Ṣàngó, sí Àpínkẹ́:

— Ìyá Tiwátọ́pẹ́, jẹ́ n sọ fún Màámi pé omi yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.
— Ẹ má sọ. Ó máa pa wọ́n.
— Kí wá ni ká sọ?
— Ẹ ní àwọn dókítà ò ráyè.

9.

Wọ́n gé e níkẹyìn. Nígbà tó jí, rọ́bà kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bándéèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ọmú ti máa ń wà. Ó rántí Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀, tó mu ọmú yẹn títí ó fi ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ sunkún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

10.

Ohùn Màámi lórí Wọ́sáàpù, sí gbogbo ẹbí:

"Ẹ bá mi yọ̀ o! Halelúyà! Ṣé ẹ rí i pé omi yẹn ṣiṣẹ́!"

Àpínkẹ́: 🙏

11.

Wọ́n ní kó máa kojú sí ògiri, kó máa fi ìka gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí apá má baà gan. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló fi ń sàmì ibi tó dé.

——— òní

——— ìjẹta


——— ọjọ́ tó délé

Nílé àdúrà, gbogbo ìjọ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀kan ni tirẹ̀. Ó ti tú sùtánà rẹ̀ lápá òsì, ó ti tún un rán kó lè bá ara rẹ̀ mu. Inú ń bí i sí ìyá rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Kò mọ èwo ló rẹ̀ ẹ́ jù.

12.

(Kò sí nǹkan níbí. Ó sùn.)

13.

Wọ́n ti yẹ ohun tí wọ́n gé lábẹ́ abíyá rẹ̀ wò; èsì ló kù. Bí jẹjẹrẹ bá ti débẹ̀, a jẹ́ pé nígbà tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ló rìn. Èrò tirẹ̀ nìyẹn. Kò bi dókítà.

14.

Àárọ̀ ọjọ́ èsì. Ike míì.

MÀÁMI: Mu ún ká tó jáde. Irú èyí tó gbà ọ́ lọ́jọ́sí ni.
(Àpínkẹ́ gba ike, kò tíì ṣí i.)
MÀÁMI: Àbí wọ́n tún ní o ò gbọdọ̀ mu?
ÀPÍNKẸ́: Rárá, Màámi. Ti òní, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ó mu ún. Màámi gba ike, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó rẹ́rìn-ín.

15.

Ẹnu ọ̀nà dókítà. Ìyá àti ọmọ lórí bẹ́ǹṣì. Ike òfìfo lórí itan ìyá.

NỌ́Ọ̀SÌ SAFIYYAH: Ẹ wọlé, mà, dókítà ń pè yín. Háà, ike rè é! Ẹ ò tíì fi omi àdúrà sílẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ ká dá yín padà lẹ́nu tíátà?

Ó ń rẹ́rìn-ín. Àwàdà ló ń ṣe.

MÀÁMI: Dá ta ni padà?

Nọ́ọ̀sì di ilẹ̀kùn mú. Àpínkẹ́ ti dìde.

MÀÁMI: Àpínkẹ́. Kí ni wọ́n ń sọ?