Ìborùn Aláwọ̀ Márùn-ún

Kẹ́kẹ́-kẹ̀kẹ̀, kẹ́kẹ́-kẹ̀kẹ̀: irin ìhunṣọ ń kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí ìyá Rasmie ṣe máa ń hun ìborùn nìyẹn ní erékùṣù Unst, tó jìnnà sí àríwá London. Ìdí irin kan á wà nínú ihò bẹ́líìtì awọ tó dè mọ́ ìbàdí, ọwọ́ á máa sáré, ẹnu náà kò sì ní sinmi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Rasmie ti gbọ́ ìró yẹn gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nínú gbọ̀ngàn pápá bàálù London, ó tún ń gbọ́ ọ.

Láti New Zealand ni òun àti Lorna ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀, ó lé ní ọgbọ̀n wákàtí. Bàálù tó máa gbé wọn lọ sí àríwá ni wọ́n ń dúró dè. Lorna gbé ìborùn tó rà fún un ní ṣọ́ọ̀bù sórí itan, ó ń tún un dì.

"Dádì, ẹ má máa ṣẹ́ ẹ pọ̀ mọ́. Ẹ ká a bí ẹní, kó wà lókè báàgì, kí ọwọ́ lè tètè tó o. Òtútù mú, ẹ fi bo ẹsẹ̀. Oorun dé, ẹ fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ jù ú sí èjìká, ẹ di gbajúmọ̀."

"Gbajúmọ̀ kẹ̀! Ṣé àgbà ọkùnrin bíi tèmi ló ń wé ìborùn kiri?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi sùn láti Singapore dé ibí. Ẹ tiẹ̀ ń hanrun."

"Ta ló sùn? Ojú ni mo dì!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni fóònù ti dún. Osla ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Unst, ẹ̀gbọ́n Rasmie obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lorna kà á sókè: "Rasmie, mo ti to òwú sílẹ̀. Ojú mi ń lọ, mo sì fẹ́ hun ti ọmọ-ọmọ-ọmọ mi kó tó di pé wọ́n ṣe ìsàmì rẹ̀. Ìborùn Màámi ni mò ń retí, kí n lè ka ìlà rẹ̀. Ìwọ náà lè tẹ̀lé e wá tó bá wù ọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!" Rasmie fi ọwọ́ gbá itan. "Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ìborùn ló ṣe pàtàkì sí i! Obìnrin yìí ò yí padà. Láti kékeré ló ti máa ń pàṣẹ bí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi."

Osla kò ṣàdédé béèrè. Ní Unst, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń to àwọ̀ irun àgùntàn sí etí ìborùn, wọn kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá wọn kò kọ tirẹ̀ rí. Ìborùn tó hun kẹ́yìn, ẹyọ kan tí kò tà, ló gbé wọ Rasmie lọ́rùn lọ́jọ́ tó ń lọ sí òkè òkun.

"Mi ò rí i nígbà tí mo ń di àpótí ńlá," Lorna sọ. "Níbo lẹ fi sí?"

Rasmie tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn bàtà rẹ̀ so.

"Dádì, níbo ló wà?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre!" Ó pariwo débi pé ọkùnrin tó ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kó ẹrù rẹ̀, ó wá àga mìíràn.

Pápá bàálù yìí kan náà ló ti pẹ̀yìn dà sí ìborùn ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ìborùn wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń lọ wá rí i. "Ìyá àgbà, ẹ kú ọjà o! Ẹja yín dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ní Unst, obìnrin ló ń so ó mọ́ àyà lọ ru ògúlùtu ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná; kò sí ọkùnrin tó ń wọ̀ ọ́. Ó ṣẹ́ ẹ pọ̀, ó gbé e sórí àga, ó sì rìn kúrò bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Òtútù mú un títí bàálù fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń kọ ọ́ sínú gbogbo lẹ́tà pé, "Màámi, ìborùn yín wà lórí ibùsùn mi." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà gbà á gbọ́ títí ó fi kú. Ara rẹ̀ ni Rasmie kò rí nà, ìyẹn ló ṣe ń fi ẹnu na gbogbo ayé.

Ó sọ ọ́ fún Lorna níkẹyìn, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ sọ fún Àǹtí Osla."

"Á lé mi láti ẹnu ọ̀nà!"

"Kí wọ́n lé yín! Àbí ti ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa ka ìlà rẹ̀?"

Ìbínú gbé Rasmie dìde. Ó já ìborùn náà gbà, ó fẹ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́. Ó ń ká a, kì í ṣe bí ẹní, ó ń ká a roboto bí òwú. Kẹ́kẹ́-kẹ̀kẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: "Rasmie, dúdú." Ta ló ń na òwú sí i nígbà náà? Osla ti lọ síbi iṣẹ́ ẹja láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Òun ni. "Ìlà mélòó, Màámi?" "Mẹ́rin. Má yọ mí lẹ́nu."

Ó jókòó. Ó gba fóònù, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Lorna fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́, ó fi ìgúnpá tì í. Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìborùn Màámi kò sí lọ́wọ́ mi. Orí àga ni mo fi í sí ní London lọ́jọ́ tí mò ń lọ, torí wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ sí Màámi nípa rẹ̀. Ẹ bínú, ó tọ́ sí yín. Èmi náà ń bínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń na òwú sí Màámi nígbà tó ń hun ún. Ẹ mú irin yín. Dúdú mẹ́rin, àwọ̀ ilẹ̀ mẹ́rin, àwọ̀ iyanrìn mẹ́rin, eérú mẹ́jọ, funfun mẹ́rin. Lẹ́yìn funfun, ẹ má padà sí eérú bíi ti àwọn aládùúgbò. Dúdú ni kẹ́ ẹ bọ́ sí tààrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín tó rẹ̀. Ọ̀la la máa dé. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó síta. Mo ní ìborùn tí mo lè fi bora."