Aago Tíṣà Má-pẹ́

"Inú òkun lọ́hùn-ún ni mímì ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó jìnnà sílé," ọ̀gá wí, ó ti mú bírò lọ́wọ́. "Mo ti ránṣẹ́ sí rédíò. Tí aago méjìlá bá ti lù, kí oníkálukú padà sínú ilé rẹ̀."

Ìyá Rúlà kò gbé ojú kúrò lórí máàpù. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn, torí pé kọ̀ǹpútà kún ọ́fíìsì fọ́fọ́, rúlà àti kọ́ńpáàsì lòun ṣì ń lò. Láti àárọ̀ tí ilẹ̀ ti mì, tí ògiri sán káàkiri, ìta làwọn èèyàn wà. Méjì nínú àwọn ibùdó tí ẹ̀rọ tó ń wọn mímì ilẹ̀ wà ti fi ìwọ̀n bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà sí wọn tó ránṣẹ́. Ó fa òbìrípo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, àwọn méjèèjì sì kọjá lórí ara wọn níbi méjì: ọ̀kan láàrin òkun, ọ̀kan lábẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibùdó kẹta ńkọ́?"

"Ti bàbá ẹ? Kọ̀ǹpútà ti dà á nù. Ṣé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ilẹ̀ ti mì tán níbi gbogbo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń mì lọ́dọ̀ tiwọn?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ibùdó kẹta tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ni ló ti máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún aago ọwọ́ rẹ̀, kó má baà pẹ́ débi kankan, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Tíṣà Má-pẹ́. Aago ẹ̀rọ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ta ni kò mọ aago tó wò tó fi tún un tò?

"A ò nílò aago wọn, sà," ó ní. "Ìgbì méjì ni ilẹ̀ máa ń rán jáde. Èyí tó yára á kọ́kọ́ dé, èyí tó lágbára á tẹ̀lé e. Àlàfo àárín wọn ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Aago ì báà yá, ì báà lọ́ra, àlàfo ò ní yí padà."

Ó ti ń tẹ fóònù. "Bàámi, ẹ kú ewu o. Ṣé bébà tí ẹ̀rọ ń fa ìlà mímì ilẹ̀ sí wà lọ́wọ́ yín?"

"Kí lo rò pé mo gbé sá jáde?"

"Láti ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀ títí dìgbà tó wá gbọ̀n gan-an, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni?"

Ó gbọ́ tí bàbá ń kà á lábẹ́lẹ̀. "Méjì péré."

Méjì. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò lè ju kìlómítà mẹ́rìndínlógún lọ sọ́dọ̀ bàbá, òkun sì ju ọgọ́rùn-ún lọ síbẹ̀. Ó fa òbìrípo kẹta, kékeré báyìí, pẹ́ńsù sì gba orí àmì abẹ́ òkè kọjá gẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì rí kí ìlà mẹ́ta pàdé báyìí rí. Ẹ̀yìn náà ló rántí àwọn tó ń gbé níbẹ̀.

Ọ̀gá tẹ̀ ba máàpù, ó wò ó, ó fa ìkéde tó kọ ya. "Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì lè mì sí i. Jẹ́ kí n pe rédíò, kẹ́nikẹ́ni má wọlé." Ó ti sáré dé ìdí fóònù kejì.

Ìyá Rúlà wo aago ara ògiri. Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"Bàámi, ibo lẹ wà báyìí?"

"Ẹnu ilẹ̀kùn. Méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ tèmi, mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ká wọlé ní méjìlá, o sì mọ̀ mí."

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Bàámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́. Ẹ pẹ́ lónìí."

Ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tó ń rìn jìnnà sílé.

"Ó dáa," bàbá ní. "Jẹ́ kí n lọ sọ fáwọn ará àdúgbò kí wọ́n bá mi pẹ́."