Ọlọ́dà Gba Ọ̀nà Àbùjá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà àbùjá ṣe ń gùn tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́dà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dúró níwájú wọn, ó sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà ilé lòun ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, pé òun lòun máa ń yẹ ọ̀dà wò láti mọ̀ bóyá yóò dúró lára ògiri tàbí yóò bó dànù. Ó rò pé ìtàn náà á jẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. Ìnagijẹ ló rí gbà níbẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ ọ̀dà kógbá sílé, ó gbọ́ pé ìjọba ń wá tíṣà lójú méjèèjì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gboyè yunifásítì, ì báà jẹ́ oyè nínú ohunkóhun, kò ní láti tún lọ jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n á kó wọn jọ nígbà ìsinmi, wọ́n á rọ́ ọgbọ́n ìkọ́ni sí wọn lágbárí wàràwàrà, wọ́n á sì tì wọ́n wọ kíláàsì. Wọ́n á máa kọ́ ọmọ láàárọ̀, wọ́n á máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, bí ọdún bá sì yípo, alábẹ̀wò á wá wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá yege, ó di tíṣà tó ní láísẹ́nsì. Ètò náà ní orúkọ gígùn kan tí ìjọba fún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń pè é. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ta wá ló ń ráyè gbọ́ ti àgbà nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí wọn ò pariwo rẹ̀ púpọ̀ ni pé ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ tí wọ́n fún un, inú ilé ìwé tó kọ́kọ́ gbà á nìkan ló ti lágbára. Bó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tó pé, ìwé náà kú, gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ di òfo, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ gbé ọkùnrin náà lọ sí ìlú mìíràn, ìlú tó jìn débi pé èèyàn ò lè lọ kó bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Tọkọtaya jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, bàbá rẹ̀ gbé e lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin wà nílùú ọ̀hún tó lè bá wọn mójú tó o. Ọlọ́dà ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní bí òun bá ti gba láísẹ́nsì báyìí, òun ń bọ̀ wá bá wọn, kò sì sí ilé ìwé tí ò ní gba òun tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó kó lọ sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn òǹtẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ wọn bá ti ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ife omi á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí tí kò fi ní ṣubú. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, á pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n lè rí ara wọn. Ọmọ náà máa ń fi ojú mọ́ fóònù débi pé ihò imú rẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ máa ń rí. Ọlọ́dà á máa bá ihò imú náà sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á pa fóònù, á sì fi orí lé ìwé.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, obìnrin kúkúrú kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún, ni àwọn tíṣà ń pè ní Ẹ-wá-ná lẹ́yìn. Gbólóhùn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn, ohun tó bá sì tẹ̀ lé e kì í ṣe oríire. Ẹ-wá-ná mọ ẹni tó lè bínú kó lọ àti ẹni tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Bí tíṣà kan ò bá wá, Ọlọ́dà ni yóò kó kíláàsì rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọlọ́dà ní ń dúró lẹ́nu géètì ní kùtù, Ọlọ́dà ní ń to àwọn ọmọ kéékèèké lọ sí ilé ìyàgbẹ́, Ọlọ́dà ní ń dúró ti ọmọ tí wọn ò bá tètè wá mú nílé ìwé.

"Ẹ̀yin lẹ ṣì lágbára," Ẹ-wá-ná á wí, á tún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà tí mo wà níwọ̀n yín, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ó rẹ̀ mí."

"Ó dáa, mà," ni Ọlọ́dà máa ń sọ. Ó sọ ọ́ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníbúrẹ́dì tí irùngbọ̀n bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bi í bóyá kó bá a gé e wẹ́wẹ́, ó ní, "Ó dáa, mà." Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ń bà á nínú jẹ́ jù. Bó bá ti ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì àwọn ẹlòmíràn, tí tíṣà ibẹ̀ bá béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ ló máa ń lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní kíláàsì tirẹ̀, ọwọ́ mélòó kan ló ń gòkè, àwọn tó kù á máa wo àjà. Ó gbà pé òun ò mọ iṣẹ́ ni. Ó tún ẹ̀kọ́ ṣe, ó ya àwòrán, ó kó ìgò àti iyọ̀ wá láti ilé. Ọwọ́ ò pọ̀ sí i. Obìnrin tó ń mọ ọ̀dà tí yóò bó kó tó kan ògiri ò mọ ìdí tí ọwọ́ ọmọdé fi ń lọ sókè.

Ọjọ́ tí Ẹ-wá-ná wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ ló tó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ wá ná. Kí ló dé tí ọwọ́ ò gòkè níbí?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló nawọ́, mà."

Ẹ-wá-ná rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló ń nawọ́? Gbogbo ọmọ ló ń nawọ́ nílé ìwé tiwa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á na ọ̀tún. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á na òsì. Ẹ̀yin, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kẹ́ ẹ máa pè. Alábẹ̀wò tó bá jókòó síbí, igbó ọwọ́ ló máa rí."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ̀tàn náà kó Ọlọ́dà nírìíra. Ó sì tún tù ú lára, ká má parọ́, torí pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ò gbọ́n ju tirẹ̀ lọ. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí Ẹ-wá-ná ṣe wí. Ohun kan ló fi kún un láì sọ fún ẹnikẹ́ni: bí ọwọ́ òsì bá gòkè, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, á ní, "Ibo ni ò yé ọ?" Láìpẹ́ ojú ò ti àwọn ọmọ láti na òsì mọ́. Ọmọ aránṣọ kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tínínrín kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá tẹ́lẹ̀. Ó wá di ẹni tó ń na òsì tayọ̀tayọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ti nà án, tíṣà ń bọ̀ nìyẹn. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dára lóòótọ́, Ọlọ́dà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn iṣẹ́ tó kàn fẹ́ fi gba láísẹ́nsì.

Nígbà tí ọjọ́ alábẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀, Ẹ-wá-ná dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wá ná. Wọ́n ní ẹ máa ń lọ tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Ẹ má dán an wò níwájú bàbá yẹn o. Bí ẹ bá dé ìdí ọmọ kan báyìí, á tẹ̀ lé yín, á béèrè ìbéèrè, gbogbo wa la máa tẹ́. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ó dáa, mà."

Alábẹ̀wò jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó kí àwọn ọmọ, ó jókòó lẹ́yìn, Ẹ-wá-ná sì jókòó tì í. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń yòrò nínú omi àti èyí tí kì í yòrò ni Ọlọ́dà mú. Ó to ìgò sórí tábìlì, ó da iyọ̀ sí ọ̀kan, ó da yanrìn sí èkejì, ó da òróró sí ẹ̀kẹta. Ó béèrè ìdí tí òróró fi léfòó. Gbogbo ọwọ́ gòkè. Ó pe ọwọ́ ọ̀tún kan, ọmọ náà dáhùn. Ó tún béèrè òmíràn, gbogbo ọwọ́ tún gòkè. Ó gbọ́ tí alábẹ̀wò mí kanlẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ dùn mọ́.

Ọmọ aránṣọ na òsì láti ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sì gbé e wálẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀tún gbá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ Ọlọ́dà ti gbé ìṣísẹ̀ kan sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó rántí. Ó dúró. Ó ro ọmọ tirẹ̀, ó ro ìlú tó jìn, ó yí padà sí pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà rárá. Ojú tì í gan-an. Ó kọ ọ́ títí agogo fi lù.

Ní ọ́fíìsì Ẹ-wá-ná, alábẹ̀wò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Mo ti rìn ká ilé ìwé, mi ò rí irú èyí rí. Ọmọ kan ò ká ọwọ́ kò! Ẹ ti gba láísẹ́nsì yín."

Orí Ọlọ́dà wú. Ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ́kàn, ó ti dé ibi ife omi.

"Ọ̀gá yín sì ti bẹ̀ mí," ni bàbá náà ń bá a lọ, "mo sì ti gbà fún wọn. Ẹni tó bá dáńtọ́ báyìí, a kì í jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin lẹ máa dúró síbí fún ọdún méjì sí i, kẹ́ ẹ máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn tó ń gba ọ̀nà àbùjá bọ̀ lẹ́yìn."

"Sà, ọkọ mi àti ọmọ mi ò sí nílùú yìí. Ṣé mo lè kọ̀ ọ́?"

"Háà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé kò tíì ṣe tán láti gba láísẹ́nsì nìyẹn. Ẹ ní sùúrù, ìyá. Ọdún méjì kì í pẹ́."

Ọlọ́dà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: sà, ìdajì ọwọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, ọwọ́ òsì ni. Ẹ-wá-ná ń wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì.

"Tíṣà, ẹ fẹ́ sọ nǹkan?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọlọ́dà ní, "Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tó padà dé kíláàsì, àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré. Ọmọ aránṣọ nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Tíṣà, mo nawọ́."

"Mo rí ọ."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. "Ẹ rí mi, ẹ ò sì wá?"

Ọlọ́dà gbé ìgò òróró, ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yé ọmọ náà kíákíá. Ó dúpẹ́, ó sì sáré jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọlọ́dà lọ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, níbi tí ariwo ọmọdé ò pọ̀, tó pe ọkọ rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi! Ṣé o yege?"

"Mo yege jù, Dádì."

"Báwo lèèyàn ṣe ń yege jù?"

Ó ṣàlàyé fún un.

"Lọ sọ òótọ́ fún bàbá yẹn. Ṣebí kò tíì lọ."

"Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á gba láísẹ́nsì lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni wọ́n máa gbà."

Láti inú ilé lọ́hùn-ún, Ọlọ́dà gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń pariwo, "Mọ́mì! Mọ́mì!" Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọwọ́ bo etí kejì kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ó ní, "Èmi rèé, ọmọ mi."

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dáhùn láti yàrá kejì. Ọmọ náà sì dákẹ́.

"Kò mọ̀ pé ìwọ lo wà lórí fóònù ni," ọkọ rẹ̀ yára sọ.